Ta Ni Yóò Ka Orúkọ Baba fún Ọmọ Náà?



Ìdílé díẹ̀ ló kù láàrin wa tí kò ní ọmọ kan ní ìdálẹ̀. Bí kò bá sí ní Kútọnu, yóò wà ní Èkó. Bí kò bá sí ní Èkó, yóò wà ní Libreville tàbí ní Faransé. Ọjọ́ kan á sì pé tí ọmọ náà á ránṣẹ́ sílé pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́. Kí bàbá tó dúpẹ́, kí ìyá tó jó, ìbéèrè kan ti jáde lẹ́nu wọn: «Ọmọ ta ni? Ọmọ ibo ni?» Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé náà la sì ń wò kí a tó gbé ìyàwó.

Lóṣù yìí, a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn kan tí wọ́n ti gbé ìbéèrè yìí yí ayé ká. Àwọn ni ọmọ Sòmálíà. Ilẹ̀ wọn jìnnà sí tiwa, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí ilẹ̀ ti yọ sínú òkun bí ìwo màlúù. Mùsùlùmí ni wọ́n, àfi díẹ̀ ṣíún. Láti ìgbà tí ìjọba Siad Barre ti ṣubú ní oṣù kìíní ọdún 1991, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ náà, wọ́n ti fọ́n ká sí Kẹ́ńyà, sí Yemen, sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí Swídìn àti Nọ́wè, sí Toronto ní Kánádà, sí Minneapolis ní Amẹ́ríkà. Níbi gbogbo tí wọ́n dé, ọmọ wọn ń bá ọmọ onílẹ̀ jókòó ní ilé-ìwé, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń fẹ́ràn ara wọn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ìtàn kan tí àwọn fúnra wọn ń sọ fún ọmọ wọn. Wọ́n ní ní àtijọ́, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Darod wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá. Àlejò ni, kò ní ará, kò ní ojúlùmọ̀. Ó ń gbé létí kànga kan tí ọmọbìnrin ọkùnrin pàtàkì kan, Dir, ti máa ń fún ẹran lómi. Nígbà tí Dir gbọ́, ó wá wo ẹni tí ó wà níbẹ̀. Darod ti gun orí igi lọ. Dir ní kí ó sọ̀ kalẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní òun kò ní sọ̀ kalẹ̀ àfi bí wọ́n bá fún òun ní ọmọbìnrin náà ṣe aya. Dir gbà, àlejò náà sì fi èjìká àna rẹ̀ ṣe àkàbà, ó gbà á sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ tí ọmọbìnrin yẹn bí fún un ni ìdílé Darod, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé tí ó tóbi jù lọ ní Sòmálíà, ti ṣẹ̀ wá. Ìdílé Isaaq náà ní irú ìtàn yìí: Ṣéènì Ishaaq, baba ńlá wọn, láti ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ní ó ti wá, ọmọ onílẹ̀ ni ó fẹ́, ibojì rẹ̀ sì wà ní Maydh létí òkun títí di òní.

Àwọn onímọ̀ ìtàn kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ìyẹn kò kàn wá. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ń pe àlejò tí ó fẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní baba ńlá wọn, àwọn náà ni orí ń gbóná bí àlejò bá wá fẹ́ ọmọ wọn lónìí. Kí ló fà á?

Ohun tí ó fà á ni ohun tí wọ́n ń pè ní abtirsi, ìyẹn kíka àwọn baba. Ọmọ kékeré á há a sórí: orúkọ tirẹ̀, orúkọ baba rẹ̀, orúkọ baba baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí dé 20 baba tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn méjì tí kò mọ ara wọn bá pàdé ní aginjù, kíkà ni wọn yóò kà títí wọn yóò fi kan orúkọ baba tí ó pa wọ́n pọ̀. Ó jọ oríkì orílẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ju ti oríkì lọ. Bí ẹnìkan bá pa ènìyàn, kì í ṣe òun nìkan ni yóò san owó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní mag. Gbogbo ará ilé baba rẹ̀ ni yóò kó ràkúnmí jọ, 100 bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ló kú, 50 bí ó bá jẹ́ obìnrin, gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́. Àwọn ará ilé baba ẹni tí ó kú ni yóò sì gbà á. Ẹni tí kò bá rí baba kà, ta ni yóò san án fún un? Bí wọ́n bá pa á, ta ni yóò bèèrè ẹ̀jẹ̀ rẹ̀?

Ẹ wá rántí pé lẹ́yìn 1991 kò sí ìjọba mọ́, kò sí ọlọ́pàá, kò sí ilé-ẹjọ́. Ilé baba ẹni nìkan ni òrùlé tí ó kù. Bàbá tí ó sá la ogun yẹn já, tí ó dé Toronto, tí ó sì ń bèèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin pé «qabiil rẹ ńkọ́?», ìyẹn ni pé ìdílé wo ni o ti wá, ìgbéraga nìkan kọ́ ló ń bá a jà. Ẹ̀rù tí iná fi kọ́ ọ ni. Kì í sì í ṣe pé wọ́n kórìíra àna tí ó jìnnà. Àwọn darandaran apá àríwá ilẹ̀ wọn kì í fẹ́ ìbátan tòsí. Wọ́n á lọ sí ilé mìíràn lọ fẹ́ ìyàwó kí wọ́n lè ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀, nítorí ọdún ọ̀dá, nígbà tí kànga tiwọn bá gbẹ. Àna tí ó jìnnà dára, bí a bá sáà ti lè ka orúkọ baba rẹ̀.

Ẹ má rò pé ogun 1991 ni ó kọ́kọ́ kó wọn dé ilẹ̀ òyìnbó. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ipa omi Suez ní 1869, àwọn ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba Aden kọjá, wọ́n sì ń wá ọkùnrin tí yóò máa ko èédú sínú iná ẹ̀rọ ọkọ̀. Iṣẹ́ náà gbóná, ó dọ̀tí, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Àwọn ọ̀dọ́ Sòmálì gbà á. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Cardiff ní Wales, wọ́n á sọ̀, wọ́n á wọ̀ sí àdúgbò Butetown létí èbúté, wọ́n á dúró de ọkọ̀ mìíràn. Àwọn kan dúró títí ọjọ́ ayé wọn. Obìnrin Sòmálì kò tó nǹkan níbẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ní aya àti ọmọ, ọmọ onílẹ̀ ni yóò fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe.

Ojú wọn rí nǹkan. Ní oṣù kẹfà 1919, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, nígbà tí iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n, ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan ń gbé àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àti aya wọn òyìnbó bọ̀ láti òde ìgbafẹ́ ní Cardiff. Èrò dà bò wọ́n. Ìjà gba ìgboro fún ọjọ́ mélòó kan, ènìyàn 3 sì kú. Wọ́n kọ lu ilé tí àwọn atukọ̀ Sòmálì ń wọ̀ sí, wọ́n dáná sun ún. Àwọn òpìtàn sọ nípa olórí ẹ̀sìn àwọn Sòmálì kan tí ó fẹ́ dúró kojú wọn. Aya rẹ̀, tí ó jẹ́ òyìnbó, ni ó bẹ̀ ẹ́ kí ó sá pamọ́. Ó gun ọ̀pá omi lọ sórí òrùlé, ibẹ̀ ni ó wà tí ó ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń ba ilé rẹ̀ jẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà dá ẹjọ́ rẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú: wọ́n ní nítorí pé wọ́n ń mú obìnrin òyìnbó ni.

Ọ̀rọ̀ Mahmood Hussein Mattan wá ju ti gbogbo wọn lọ. Hargeisa ni wọ́n ti bí i ní 1923. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni ó gbé e dé Cardiff, ní 1947 ó sì fẹ́ Laura Williams, ọ̀dọ́mọbìnrin láti àfonífojì Rhondda níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Wọ́n bí ọmọkùnrin 3. Àwọn aládùúgbò kò jẹ́ kí wọ́n rímú mí. Nígbà tí ó yá, wọn kò gbé pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òpópónà kan náà ni ilé àwọn méjèèjì wà. Ní oṣù kẹta 1952, wọ́n pa obìnrin oníṣòwò kan, Lily Volpert, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Butetown. Wọ́n mú Mattan. Ó ní òun kọ́, títí ẹnu fi kán an. Níwájú adájọ́, agbẹjọ́rò tirẹ̀, tí ó yẹ kí ó gbèjà rẹ̀, pè é ní ẹni tí kò ju ẹhànnà lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án 1952, wọ́n yẹgi fún un nínú ẹ̀wọ̀n Cardiff. Laura kò gbọ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ó lọ bẹ̀ ẹ́ wò ni ó rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n.

Obìnrin yìí kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ dáadáa, ó ní ọmọ 3 lọ́wọ́, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní aya apànìyàn. Kò padà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú. Ó ń kan ilẹ̀kùn kiri títí di ọjọ́ 24 oṣù kejì 1998, nígbà tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fagi lé ẹjọ́ náà, tí wọ́n sì jẹ́wọ́ pé ọkùnrin náà kò jẹ̀bi. Ọdún 46 ni. Laura kú ní 2008. Ìgbà tí ọlọ́pàá South Wales máa fi tọrọ àforíjì, 2022 ni. Àwọn tí ń sọ pé ìfẹ́ láàrin ẹ̀yà méjì kì í tọ́jọ́, ẹ bá wa bi wọ́n bóyá wọ́n ti gbọ́ nípa ìyá yìí.

Nínú gbogbo èyí, òyìnbó ni ó ń kọ̀. Àwọn ará ilé ní Hargeisa kò pariwo púpọ̀. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọkùnrin ni ó fẹ́yàwó síta. Orúkọ baba kò já. Ọmọ tí obìnrin Wales bí fún Sòmálì, Sòmálì ni. Ó lè ka àwọn baba rẹ̀ bí ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, tí ìyá jẹ́ Sòmálì tí baba sì jẹ́ àjèjì, ibẹ̀ ni ó ti ń le. Àwọn Ítálì ni wọ́n jọba lórí gúúsù Sòmálíà. Àwọn sójà wọn àti òṣìṣẹ́ wọn ń bí ọmọ fún obìnrin ilẹ̀ náà. Ní 1937 ìjọba Mussolini fòfin de kí ọmọ Ítálì máa bá obìnrin ilẹ̀ náà gbé bí tọkọtaya. Ní 1938 ó fòfin de ìgbéyàwó. Ní 1940 ó ní baba tí ó jẹ́ Ítálì kò gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ọmọ tí ó jẹ́ mẹ̀tíìsì. Báyìí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ṣe ní baba lọ́dọ̀ òyìnbó, wọn kò sì ní baba tí wọ́n lè kà lọ́dọ̀ Sòmálì. Ilé àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì ni ọ̀pọ̀ wọn dàgbà sí, wọ́n kó àwọn kan kúrò lọ́dọ̀ ìyá wọn. Àwọn Sísítà bọ́ wọn, wọ́n kọ́ wọn níwèé. A kò ní gbàgbé oore yẹn. Ṣùgbọ́n ìyá wọn wà láàyè, nítòsí.

Lẹ́yìn 1991 wàyí, kì í ṣe atukọ̀ nìkan ni ó dé ilẹ̀ òyìnbó. Ìyá dé, ìyá àgbà dé, àwọn ọmọbìnrin dé, wọ́n sì dàgbà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ariwo fi pọ̀ ju ti ayé àwọn atukọ̀ lọ. Kùránì, ní orí karùn-ún, gba ọkùnrin Mùsùlùmí láyè láti fẹ́ obìnrin Júù tàbí Kristẹni. Àwọn amòfin ẹ̀sìn, pẹ̀lú ti Ṣáfíì tí àwọn Sòmálì ń tẹ̀ lé, kò gba obìnrin Mùsùlùmí láyè láti fẹ́ ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Nítorí náà, bí ọmọkùnrin bá mú òyìnbó wálé, ìyá á sunkún, ó pẹ́ ó yá á nu ojú. Bí ọmọbìnrin bá mú òyìnbó wálé, ọkùnrin náà ní láti gba ẹ̀sìn kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí ó bá sì gbà á tán, àwọn àǹtí á tún bèèrè pé ṣé nítorí ìyàwó ni àbí nítorí Ọlọ́run. Kódà bí a bá bí ọkùnrin náà sínú ẹ̀sìn Mùsùlùmí, bí ó bá jẹ́ ọmọ Pakísítánì tàbí ọmọ Nàìjíríà, wọ́n á ní: «Ṣé kò sí ọmọ tiwa mọ́ ni?»

Kò yẹ kí a fi àwọn ìyá wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá àgbà tí ó gbọ́ Sòmálì nìkan ń rò ó pé báwo ni òun yóò ṣe bá ọmọ-ọmọ òun sọ̀rọ̀. Owó náà tún wà níbẹ̀. Àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ ń fi owó tí ó ju bílíọ́nù kan dọ́là lọ ránṣẹ́ sí Sòmálíà lọ́dọọdún. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun. Ọmọbìnrin tí ó bá fẹ́ àjèjì, ṣé ọkọ rẹ̀ yóò gbà kó máa fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Galkayo? Ìbéèrè gidi ni. Àwa náà ń bèèrè rẹ̀ nílé wa, bí a kò tilẹ̀ ń sọ ọ́ sókè.

Ohun tí a kò lè gbà ni ohun tí àwọn kan ń ṣe nítorí ẹ̀rù yìí. Wọ́n ń pè é ní dhaqan celis, ìyẹn dídá ọmọ padà sínú àṣà. Bí ọmọ bá ń yapa, tàbí bí wọ́n bá rí i pé ó ní ọ̀rẹ́ tí wọn kò fẹ́, wọ́n á ní kí ó wá kí ìyá àgbà ní Nairobi tàbí ní Hargeisa. Bí wọ́n bá débẹ̀, wọ́n á gba páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Àwọn mìíràn jàǹfààní ìrìn-àjò náà, wọ́n mọ èdè wọn, wọ́n mọ ẹbí wọn. Àwọn mìíràn bá ara wọn nínú ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n dè wọ́n. Kí a fi irọ́ mú ọmọ wọ ọkọ̀ òfúrufú, ìyẹn kì í ṣe ìtọ́jú.

Bí ẹnìkan bá sì sọ fún wa pé ẹ̀sìn ni gbogbo ìdí tí wọ́n fi ń kọ̀, a ó ní kí ó wo inú Sòmálíà fúnra rẹ̀. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bantu. Ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn baba wọn lẹ́rú wá láti apá ibi tí a ń pè ní Mòsáńbíìkì, Tànsáníà àti Màláwì lónìí. Àgbẹ̀ ni wọ́n lẹ́bàá odò Jubba. Mùsùlùmí ni wọ́n. Mọ́ṣáláṣí kan náà, ààwẹ̀ kan náà. Síbẹ̀ wọ́n ń pè wọ́n ní jareer, onírun líle, ìdílé tí ó bá ka ara rẹ̀ sí ńlá kì í sì í fẹ́ fi ọmọ fún wọn. Bákan náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn oníṣẹ́ awọ, tí wọ́n ń pè ní Tumaal àti Midgaan. Ní 2018, ní Mogadishu, wọ́n pa ọkùnrin kan, wọ́n sì dáná sun ún, nítorí pé ọmọ ìbátan rẹ̀, ọmọ Bantu, fẹ́ ọmọbìnrin ìdílé tí kì í ṣe Bantu. Kì í ṣe ọkọ ìyàwó ni wọ́n pa o, ìbátan rẹ̀ ni. Ẹ̀sìn kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe. Àwọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Orúkọ baba nìkan ni.

Àwọn olókìkí a máa rí ọ̀nà gbà. Iman, arẹwà obìnrin Mogadishu tí gbogbo ayé mọ̀, fẹ́ akọrin Gẹ̀ẹ́sì David Bowie ní 1992, wọ́n sì wà pọ̀ títí Bowie fi kú ní 2016. Mo Farah, sárésáré, fẹ́ Tania, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2010. Nígbà tí ó gba wúrà ní Olimpíìkì London ní 2012, àwọn Sòmálì kárí ayé ló jó. Ọmọbìnrin tí ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Minneapolis kò ní wúrà tí yóò fi bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìjọ wa náà ní ọ̀rọ̀ lórí irú ìgbéyàwó yìí. Ní Àjàṣẹ́, a mọ agbo ilé tí bàbá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tí ìyá sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹran Iléyá sì ń kárí. Bí ọmọ ìjọ bá fẹ́ fẹ́ ẹni tí kò ṣe ìrìbọmi, ó ní láti gba àyè lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí Pópù Paul VI ti tún òfin náà ṣe ní 1970, ọmọ ìjọ nìkan ni ó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò sa gbogbo ipá òun kí àwọn ọmọ lè gba ìrìbọmi. Ẹnì kejì kò jẹ́jẹ̀ẹ́, kìkì pé a ó sọ fún un. Ìwé òfin ti 1983 fi ọwọ́ sí i. Ẹ ò rí i pé ibì kan náà ni gbogbo wa ń dé, àti Ìmáàmù àti Fadá: ta ni yóò ni ọmọ?

Ní gúúsù Sòmálíà, àṣà àtijọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní sheegad. Àlejò tí ó bá dé sí agbègbè ìdílé ńlá kan lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gba òun. Bí wọ́n bá gbà, ó ti di tiwọn: yóò máa bá wọn dá mag, yóò máa ka àwọn baba wọn bí ẹni pé baba tirẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wọ inú ìdílé báyìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí mọ́ pé àlejò ni wọ́n rí. Ilẹ̀ àti omi ni àwọn yẹn wá tọrọ. Ọkọ ọmọbìnrin wọn tí ó wà ní Toronto kò tọrọ ilẹ̀, kò sì tọrọ omi. Kí wọ́n ka ọmọ òun mọ́ wọn ni ó ń bẹ̀.